Oṣù mẹ́rin nídìí Quarto: ẹni tí ẹ jọ ń ta ni yóò mú ọmọ fún ọ

Ọ̀ta gidi ni bàbá ìyàwó mi nídìí ayò ọlọ́pọ́n ní àdúgbò wa ní Ìjọ̀kà, Àkúrẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé ayò mìíràn tó ń jẹ́ Quarto síwájú wọn lálẹ́ ọjọ́ tí mo gbà á.

Ilé 16 ló wà lójú ọpọ́n, mẹ́rin lóròó, mẹ́rin níbùú. Ọmọ rẹ̀ náà jẹ́ 16, kò sì sí méjì tó jọra. Ọmọ kan lè ga tàbí kó kúrú, kó funfun tàbí kó dúdú, kó rí roboto tàbí kó ní igun mẹ́rin, kí orí rẹ̀ dí tàbí kó ní ihò. Ẹni tó bá fi ọmọ kẹrin parí ìlà tí gbogbo ọmọ orí rẹ̀ fi ohun kan jọra, tó sì pè é ní "Quarto", òun ló jẹ. Kò sí tèmi, kò sí tìrẹ nínú ọmọ náà. Ìwọ kọ́ lo sì ń mú èyí tí o máa gbé kalẹ̀: ẹni tí ẹ jọ ń ta ló ń mú un fún ọ.

Bàbá yọ awò ojú wọn. "Ṣé kí n fọwọ́ ara mi kó ọta fún ẹni tó fẹ́ yìnbọn lù mí ni?"

"Bó ṣe rí gan-an nìyẹn, sà."

Wọ́n bi mí pé ta ló ronú kan irú èyí. Mo ní Blaise Müller ni, onímọ̀ ìṣirò ará Swítsàlandì. Ilé-iṣẹ́ Gigamic ní Fránsì ló gbé e jáde ní 1991.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo jẹ wọ́n lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ló dùn wọ́n jù. Àwọ̀ ni wọ́n ń ṣọ́: dúdú méjì, funfun kan ló wà lórí ìlà, ọkàn wọn balẹ̀. Wọn ò rí i pé kúkúrú ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n na ọmọ kúkúrú kan sí mi, mo gbé e sílé kẹrin. Wọ́n fi ìka kan ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lórí níkọ̀ọ̀kan, wọ́n wá ní, "Kúkúrú. Háà."

Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ mí. Ọmọ tó ṣẹ́kù nílẹ̀ ni wọ́n ń kà. Bí ọmọ gíga bá ti lè parí ìlà níbi méjì, mi ò lè fi ọmọ kan dí méjèèjì. Bó bá wá ku kúkúrú kan ṣoṣo, wọ́n á mú un fún mi jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ọmọ gíga nìkan ló kù tí èmi lè mú fún wọn.

Ẹni tó tà á fún mi lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló bà mí nínú jẹ́. Ọmọ 15 ni mo bá nínú páálí, kò sì gbé ìpè mi mọ́. A to ọmọ ní méjì-méjì, oníhò pẹ̀lú aláìníhò, a sì rí èyí tó sọnù: gíga, dúdú, roboto, oníhò. Gbẹ́nàgbẹ́nà kan ní Ìsìkàn fi àjákù igi ọ̀gánwó gbẹ́ òmíràn, ó fi fáníìṣì dúdú kùn ún. Ó wúwo díẹ̀ ju àwọn tó kù lọ, ṣùgbọ́n kò pa ayò lára, nítorí kò sí ohun tó pamọ́ nínú Quarto.

Bí àwọn méjì bá ti mọ̀ ọ́n ta dáadáa, ọ̀mì máa ń pọ̀. Kọ̀ǹpútà pàápàá ti fi hàn pé bí ẹnikẹ́ni ò bá ṣì í ta, kò sẹ́ni tó máa jẹ. Nígbà tí ọ̀mì sú wa, a bọ́ sórí òfin kejì tó wà nínú ìwé rẹ̀: ọmọ mẹ́rin tó fi ohun kan jọra, tí ilé wọn sì ṣe igun mẹ́rin papọ̀, náà ń jẹ. Látìgbà náà, Bàbá ti tún ń fi ìka kan ọmọ lórí kí wọ́n tó mú ọ̀kan fún mi.