Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ àṣàrò ìfarabalẹ̀ ní Òṣogbo: bó ṣe rí lára aránṣọ

Ẹ̀kọ́ àṣàrò ìfarabalẹ̀ yìí, tí òyìnbó ń pè ní mindfulness, níbi tí a ti ń jókòó ká máa kíyè sí èémí àti ara wa, dára, owó tí mo san sí i ò sì dùn mí. Kí n ti sọ ìyẹn ṣáájú, torí àwọn tó ń bi mí léèrè lórí WhatsApp bóyá ó tó owó rẹ̀ ti ń pọ̀. Àmọ́ ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri níbi tí wọ́n ti ń kọ́ wa, nítòsí Òkè-Fìà, sọ pé àṣàrò náà á lé àìsùn lọ, á mú ẹ̀fọ́rí kúrò, á sì tún ilé tó dàrú ṣe. Ìyẹn ti ju agbára rẹ̀ lọ. Ohun kan wà tí mo rí gbà níbẹ̀ tó dá mi lójú: mo ti ń mọ ìgbà tí inú bá fẹ́ máa bí mi, kí ìbínú náà tó dé ẹnu. Fún ẹni tó ń bá ènìyàn ṣòwò látàárọ̀ ṣúlẹ̀, nǹkan ńlá ni.

Aránṣọ ni mí, Àlékúwodò ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, mo sì ní àwọn ọmọṣẹ́. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ wa mọ bó ṣe máa ń rí tí Iléyá bá ti ń sún mọ́lé. Aṣọ ẹbí á máa wọlé, iná ò ní sí, epo jẹnẹrétọ̀ ti gbówó lórí, gbogbo ayé ló sì fẹ́ gba aṣọ tirẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Ẹ̀jẹ̀ mi ń ga. Dókítà kọ oògùn fún mi, ó wá ní kí n tún wá nǹkan tí á máa mú ọkàn mi rọlẹ̀. Bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì nìyẹn, obìnrin jẹ́jẹ́ kan tó ń kọ́ni ní àṣàrò yìí, tí gbogbo wa ń pè ní Mà.

Kì í ṣe Mà ló dá ètò náà sílẹ̀. Ará Amẹ́ríkà kan, Jon Kabat-Zinn, tó kàwé gboyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ bàọ́lọ́jì, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 1979 ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Yunifásítì Massachusetts, ní ìlú Worcester. Àwọn aláìsàn tí ìrora wọn ò lọ, tí àwọn dókítà ti ṣe títí, ló kọ́kọ́ ń kọ́. Inú ẹ̀sìn Búdà ló ti mú ọ̀pọ̀ nínú ohun tó ń kọ́ wọn, ó sì yọ ẹ̀sìn kúrò nínú rẹ̀. Bó ṣe tò ó nígbà náà ni wọ́n ṣì ń ṣe é: ọ̀sẹ̀ 8, ìpàdé kan lọ́sẹ̀ tó máa ń tó wákàtí méjì ààbọ̀, iṣẹ́ àmúrelé bí ìṣẹ́jú 45 lóòjọ́, àti ọjọ́ kan gbáko tí ẹnikẹ́ni ò ní sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ Búdà yẹn ló kọ́kọ́ kọ mí lóminú. Mùsùlùmí ni mí, mi ò sì fẹ́ ohun tó máa ba ìgbàgbọ́ mi jẹ́. Mo lọ bá áfà wa. Ó bi mí pé ṣé wọ́n ń ní ká pe orúkọ kankan, ṣé a máa ń forí balẹ̀ fún nǹkan kan? Mo ní rárá, wọ́n kàn ń ní ká jókòó ká máa kíyè sí èémí wa ni. Ó ní kí n lọ, kí n sì máa la ojú mi sílẹ̀. Nínú yàrá tí a wà, ìyàwó pásítọ̀ kan wà níbẹ̀, bàbá kan tó ń sin Ọ̀ṣun náà wà níbẹ̀, orí ẹní kan náà ni gbogbo wa sì jókòó sí. Ohun tí mo lè sọ ni pé ìrun mi ti yàtọ̀. Tẹ́lẹ̀, mo lè ti dé ìdajì ìrun kí n má mọ ohun tí mo ti kà, torí ọkàn mi ti wà lọ́dọ̀ kọ́sítọ́mà.

Ọjọ́ àkọ́kọ́, dàbínù ni wọ́n fún wa, ẹyọ kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Èso àjàrà gbígbẹ ni wọ́n máa ń lò nílùú òyìnbó, Mà ní dàbínù la mọ̀ níhìn-ín. Wọ́n ní ká má tíì jẹ ẹ́. Ká gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, ká wò ó bí ẹni tí kò rí dàbínù rí. Mo wò ó. Awọ rẹ̀ hunjọ, ó ń dán níbì kan, ó ṣú níbòmíràn, eruku díẹ̀ sì wà níbi ìdí rẹ̀ tí wọ́n ti já a lára igi. Wọ́n ní ká gbé e sí imú, lẹ́yìn náà ká fi kan ètè. Itọ́ ti kún ẹnu mi kí n tó gé e jẹ rárá. Nígbà tí mo wá gé e, adùn rẹ̀ kọ́kọ́ jáde lápá kan ahọ́n, ó tó ìgbà díẹ̀ kó tó kárí. Ọdọọdún ni mo ń fi dàbínù ṣínu nínú Ramadan, mi ò sì mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń rí lẹ́nu.

Láti ibẹ̀ la ti bọ́ sórí ara. A óò dùbúlẹ̀, ohùn Mà á máa darí wa láti orí ọmọ ìka ẹsẹ̀ òsì, díẹ̀díẹ̀, títí dé àtàrí. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún wa ò ju pé ká mọ bí ibẹ̀ ṣe rí lára wa lọ: ṣé ó gbóná ni, ṣé ó ń ta wá, àbí a ò tilẹ̀ gbọ́ nǹkan kan. Ọ̀pọ̀ ló máa ń sùn lọ, bàbá kan sì máa ń han-run gan-an. Mà ò jí i. Ibí yìí ni ẹ̀kọ́ náà ti wọ̀ mí lára jù lọ. Ọkàn mi ń sáré bí ẹ̀rọ tó ń rán láìsí aṣọ lábẹ́ abẹ́rẹ́, ìṣẹ́jú kan ò ní kọjá kí n tó bá ara mi nínú ọjà Igbónà níbi tí mo ti ń ra òwú. Mà ní ìyẹn kì í ṣe àìṣedáadáa. Bí ènìyàn bá ti mọ̀ pé òun ti lọ, kó rọra padà wá, ìpadàwá yẹn gan-an ni iṣẹ́ náà.

Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí ohun tí ara mi ń ṣe nídìí ẹ̀rọ. Èjìká òsì mi máa ń gòkè súnmọ́ etí tí mo bá ń rán ọrùn aṣọ. Eyín mi á wà ní dídì, abẹ́rẹ́ olórí á wà láàárín ètè mi, mi ò sì ní mí kanlẹ̀ títí ojú rírán náà á fi parí. Ọdún mélòó ni mo ti ń ra róòbù nítorí èjìká yẹn! Báyìí, tí mo bá ti rí i pé ó ti gòkè, mo máa ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ìrora náà ò tíì tán, ṣùgbọ́n ó ti dín kù débi pé mo lè gé aṣọ dalẹ́.

Ní ti ìbínú, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìyá ìyàwó kan tó wọlé lọ́jọ́ Jímọ̀ tí ìgbéyàwó ku ọ̀la. Ọwọ́ bùbá ti fún ọmọ rẹ̀ pinpin. Kò kí ẹnikẹ́ni. “Ìyá Wàsíù, ṣé ẹ fẹ́ dójú tì mí lójú àna mi ni?” Mo gbọ́ bí àyà mi ṣe ń gbóná, etí mi ń ho, ọwọ́ mi ti di sísọ́ọ̀sì mú. Mo fi àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀, mo mí, mo tún mí. Èsì tó wà lẹ́nu mi ṣì wà níbẹ̀, mo kàn rí i pé kò di dandan kí n sọ ọ́. Mo ní, “Ẹ má bínú, Mọ̀mí. Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí n wò ó.” Mo ti fi àyè sílẹ̀ nínú ojú rírán, nítorí náà mo tú u, mo fẹ̀ ẹ́. Kò dúpẹ́ nígbà tó ń lọ, àmọ́ kò sí ìjà, mo sì padà sídìí iṣẹ́ láìgbọ̀n.

Ọmọ mi tó wà ní yunifásítì ló bá mi wá ohun tí àwọn onímọ̀ sọ, ó sì túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Lọ́dún 2014, àwọn kan láti Yunifásítì Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà kó ìwádìí 47 jọ, tí àwọn tó kópa nínú wọn jẹ́ 3,515. Wọ́n rí i pé àṣàrò ìfarabalẹ̀ ń dín àníyàn, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti ìrora kù níwọ̀nba. Ní ti oorun, ẹ̀rí wọn ò lágbára, wọn ò sì rí i pé àṣàrò ju oògùn tàbí eré ìdárayá lọ. Lọ́dún 2022, àwọn míì gbé ìwádìí jáde lórí àgbàlagbà 276 tí àìsàn àníyàn ń bá jà. Apá kan ṣe ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ 8 yìí gan-an, apá kejì lo escitalopram, oògùn kan tí àwọn dókítà máa ń kọ fún àníyàn, àṣàrò náà kò sì kẹ́yìn oògùn. Ìdí tí mo fi ń sọ gbogbo èyí ni pé obìnrin kan nínú ẹgbẹ́ wa fẹ́ ju oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ nù nítorí ìwé ara ògiri yẹn. Mà bá a wí, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Èmi ṣì ń lo tèmi, dókítà ló sì máa sọ ìgbà tí mo máa dín in kù.

Àwọn nǹkan kan wà tí wọ́n gbọ́dọ̀ tún ṣe. Ẹ̀gbẹ́ títì ni yàrá náà wà, ariwo ọ̀kadà ò dáwọ́ dúró. Mà ní ká fi ariwo náà ṣe àṣàrò, mo sì gbìyànjú, ṣùgbọ́n ìyá tó dití díẹ̀ ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Ohùn tí wọ́n kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sórí fóònù wa fún iṣẹ́ àmúrelé, ohùn òyìnbó ni, ó sì ń sáré sọ̀rọ̀. A fẹjọ́ sùn kí Mà tó fi Yorùbá gba tirẹ̀ sílẹ̀, èyí sì yí gbogbo nǹkan padà. Ìṣẹ́jú 45 lóòjọ́ ti pọ̀ jù fún ìyálọ́jà. Ohun tí mo ń ṣe ni pé lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, kí n tó fọwọ́ kan fóònù, mo máa ń jókòó fún ìwọ̀n tí omi ẹ̀kọ fi ń hó.

Èyí tó dùn mí jù ni pé wọn ò tètè kìlọ̀ fún wa pé kò bá gbogbo ènìyàn lára mu. Ọ̀dọ́bìnrin kan tí jàǹbá ọkọ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n nígbà tó dijú, ó ní ńṣe ni ọjọ́ náà ń padà sójú òun. Mà ní kó lajú, kó máa wo fèrèsé, kó sì lọ rí dókítà ọpọlọ kó tó tẹ̀síwájú. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ló yẹ ká ti gbọ́ irú ìkìlọ̀ yẹn.

Ọjọ́ àìsọ̀rọ̀ yẹn, Mà kọ́kọ́ ní ká lọ ṣe é nínú igbó Ọ̀ṣun, èyí tí UNESCO ti kà mọ́ ogún àgbáyé láti ọdún 2005. Kò sí ibi tó dákẹ́ tó ibẹ̀ láàárín ìlú. Àwọn kan kọ̀ nítorí ẹ̀sìn, inú bàbá tó ń sin Ọ̀ṣun ò sì dùn sí bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Pápá ilé ẹ̀kọ́ kan la padà lò, lákòókò ìsinmi àwọn ọmọ. A rìn lórí koríko, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn èkejì, a jẹun láìsọ̀rọ̀. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn sú mi. Tí ìrọ̀lẹ́ fi máa dé, mi ò fẹ́ lọ sílé mọ́.

Owó rẹ̀ kò tó owó tí mo ń gbà rán ìró àti bùbá kan pẹ̀lú gèlè, ènìyàn sì lè pín in san lẹ́ẹ̀mejì. Ọjọ́ Sátidé ni, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kì í sì í tètè bẹ̀rẹ̀. Ẹ mú ẹní àti ìborùn dání, torí sìmẹ́ńtì ni ilẹ̀ yàrá náà, ó máa ń tutù tí òjò bá rọ̀. Ẹni tí kò bá gbọ́ òyìnbó dáadáa kó tètè béèrè fún ohùn Yorùbá.