Omi Èso Ọjọ́ Mẹ́ta, Oúnjẹ Ọjọ́ Méje: Àgbéyẹ̀wò Àpò Fífọ Inú Ọlọ́jọ́ Mẹ́wàá

Ìgò omi èso mẹ́fà lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, lẹ́yìn náà abọ́ oúnjẹ mẹ́ta lójúmọ́ fún ọjọ́ méje: ohun tó wà nínú àpò náà nìyẹn. Ilé ìdáná kékeré kan n'Íbàdàn ló ń sè é, ọlọ́kadà sì ń gbé e délé kí aago méje àárọ̀ tó lù. Mi ò ní dárúkọ wọn, torí irú àpò yìí ti pọ̀ káàkiri Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti Èkó, bákan náà sì ni ọ̀pọ̀ wọn ṣe ń dì í. Omi èso aláwọ̀ mèremère ni wọ́n fi ń polówó ọjà, òun náà ló sì gbé owó àpò náà lérí. Ṣùgbọ́n abọ́ ọjọ́ méje tó tẹ̀ lé e ló tó owó tí wọ́n ń gbà. Bí wọ́n bá gbà láti ta ìyẹn nìkan, òun ni kẹ́ ẹ rà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti omi èso kúrò. Ìgò kọ̀ọ̀kan gba mílílítà 350, ti òòjọ́ jẹ́ lítà méjì ó lé díẹ̀. Méjì jẹ́ aláwọ̀ ewé: kùkúmbà, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, atalẹ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́. Méjì jẹ́ ọ̀pẹ̀ òyìnbó pẹ̀lú bàrà olómi. Ọ̀kan jẹ́ bíítírúùtù òun káróòtì. Èyí tó kẹ́yìn, tí wọ́n ní kéèyàn mu lálẹ́, ni omi òfíò tí wọ́n lọ̀ pẹ̀lú àgbọn. Òun nìkan ló ní ọ̀rá nínú, ìdí nìyẹn tí ebi fi máa ń dákẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ.

Sísẹ́ ni wọ́n sẹ́ ẹ, wọ́n sì da háríhá rẹ̀ nù. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́. Háríhá yẹn ni fáíbà. Òun ni kì í jẹ́ kí ṣúgà sáré wọnú ẹ̀jẹ̀, òun náà ló ń jẹ́ kí ìgbẹ́ rọ̀. Àdàlù ọ̀pẹ̀ òyìnbó àti bàrà olómi máa ń ní ṣúgà bíi gíráàmù 8 sí 10 nínú mílílítà 100, torí náà ìgò méjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gíráàmù 60 tàbí kó jù bẹ́ẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ka ṣúgà inú omi èso mọ́ èyí tó yẹ kéèyàn ṣọ́: kò gbọdọ̀ kọjá ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún agbára oúnjẹ òòjọ́, ìyẹn gíráàmù 50 fún ẹni tó ń jẹ 2,000 kálórì. Ìgò méjì péré ti kọjá ẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n fi aláwọ̀ ewé rọ́pò ọ̀kan níbẹ̀; wọn kì í kọ̀ bẹ́ ẹ bá sọ ọ́ kí wọ́n tó ra ẹrù. Ẹni tí òkúta kíndìnrín ti yọ lẹ́nu rí, kó ní kí wọ́n yọ tẹ̀tẹ̀ tútù àti bíítírúùtù pátápátá, torí oxalate pọ̀ nínú àwọn méjèèjì, ó sì wà lára ohun tí òkúta yẹn fi ń dì.

Ìwé pélébé tó wà nínú àpò sọ pé omi èso yóò “fọ májèlé kúrò nínú ara.” Ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn, tọ̀sán-tòru, wọn ò sì dúró de bíítírúùtù kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Kìló kan àbọ̀ tàbí méjì tí ìwọ̀n yóò fi hàn pé ó ti lọ lọ́jọ́ kẹta ńkọ́? Omi ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ara ń kó ṣúgà pa mọ́ sínú ẹ̀dọ̀ àti iṣan, gíráàmù kan rẹ̀ sì máa ń di omi bíi gíráàmù mẹ́ta mọ́ra. Bí oúnjẹ bá dín kù, ara á tú u lò, omi náà á bá ìtọ̀ lọ. Bí àmàlà bá padà dé, omi á padà dé. Ẹni tí kò bá mọ̀ yóò rí kìló kan tó gòkè lọ́jọ́ kẹfà, yóò rò pé oúnjẹ ló ba òun jẹ́, á tún sáré lọ ra omi èso. Ó dára fún ọjà wọn, àbí?

Ohun tó burú jù nínú àpò náà ni sáṣẹ́ẹ̀tì tíì méjì tí wọ́n fi ṣe ẹ̀bùn. Ẹ yí i padà, ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀: bí ẹ bá rí senna, ìbátan asùnwọ̀n òyìnbó wa nìyẹn, oògùn ìgbẹ́ ni. Ó ń kó omi àti iyọ̀ ara jáde lára ẹni tí kò tíì jẹun gidi fún ọjọ́ mẹ́ta. Òòyì tó máa ń kọ́ àwọn èèyàn lọ́jọ́ kejì, tí wọ́n ń pè ní “májèlé tó ń jáde,” ẹ kọ́kọ́ wo tíì yẹn.

Omi èso yìí kò gba iná lórí, nítorí náà fíríìjì tó tutù tó ìwọ̀n 4 lórí òṣùwọ̀n Celsius ló lè pa á mọ́. Bí iná bá lọ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ẹ má ṣe dá a lábàá. Ìdérí tó wú, ìgò tó dún “pọ́” nígbà tí ẹ ṣí i, fọ́ọ̀mù lójú rẹ̀: ó ti ń kan nìyẹn, dà á nù. Kí wọ́n máa gbé e wá lójoojúmọ́. Ẹ má gba ìgò méjìdínlógún lẹ́ẹ̀kan náà nítorí pé wọ́n fẹ́ dín owó ọ̀kadà kù.

Aláboyún, ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú, ọmọdé, ẹni tó ń gba abẹ́rẹ́ tàbí oògùn ìtọ̀ ṣúgà, ẹni tó ní àrùn kíndìnrín, àti ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń mú ni tọ̀, kò gbọdọ̀ mu ún láìjẹ́ pé dókítà mọ̀ sí i. Ẹnikẹ́ni tó bá sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ má jẹ nǹkan kan ju ọjọ́ márùn-ún lọ, ilé ìwòsàn ni kó ti bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ. Ewu wà nínú kí oúnjẹ púpọ̀ ṣàdédé padà wọlé.

Ó wá ku oúnjẹ. Ọjọ́ kẹrin ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sọ gbogbo rẹ̀ dòfo: ẹlòmíì á kó iyán àti ẹran ìgbẹ́ jẹ láàárọ̀, inú á wú, ẹlòmíì á máa fi ebi pa ara rẹ̀ lọ, títí di alẹ́ Sátidé tí yóò fi búrẹ́dì kan gbáko san gbèsè. Ilé ìdáná yìí mọ ọ̀nà tó gbà á. Abọ́ àárọ̀ ọjọ́ kẹrin ni ògì mílílítà 300 àti mọ́ínmọ́ín ẹyọ kan nínú ewé eéran. Ẹ tú ewé náà: mọ́ínmọ́ín dúró gírígírí, kò ṣomi, ojú ìlà ewé ṣì wà lára rẹ̀, bẹ́ ẹ bá fi ṣíbí là á, ààbọ̀ ẹyin wà níbẹ̀ àti ẹja títúsì tí wọ́n rún wẹ́wẹ́. Lórí ìwọ̀n ilé ìdáná, gíráàmù 180 ni. Ẹ̀wà gbígbẹ bíi gíráàmù 50 ló lọ sí irú mọ́ínmọ́ín bẹ́ẹ̀, ìyẹn fún ni ní purotéènì tó tó gíráàmù 12; ààbọ̀ ẹyin fi mẹ́ta kún un, ẹja fi bíi márùn-ún tàbí mẹ́fà. Ogún nìyẹn kí aago mẹ́jọ tó lù. Ẹni tó wọn kìló 65 nílò nǹkan bíi 52 lójúmọ́, bí a bá fi gíráàmù 0.8 fún kìló kan ṣírò rẹ̀. Ògì fúnra rẹ̀ kò mú nǹkan púpọ̀ wá. Nígbà tí a bá ti sẹ́ èérí kúrò lára àgbàdo, púpọ̀ nínú ohun tó dára lára rẹ̀ ti bá èérí lọ. Mọ́ínmọ́ín ló gbé abọ́ yẹn.

Ọ̀sán ọjọ́ karùn-ún ló dùn mọ́ mi jù, torí ó fi hàn pé kò sí ohun tó ń jẹ́ “oúnjẹ detox” lẹ́yìn detox, ìyẹn fífọ inú. Àmàlà dúdú ni, tó tó ìkúùkù ọwọ́ àgbàlagbà kan, bíi gíráàmù 250, pẹ̀lú gbẹ̀gìrì, ewédú àti ẹja yíyan kan. Ẹ̀wà ni gbẹ̀gìrì, nítorí náà abùlà ti ní purotéènì kí ẹja tó dé. Ewédú mú fáíbà wá. Ohun tí wọ́n ṣe àṣejù nínú rẹ̀ ni epo. Ẹ jẹ́ kí ọbẹ̀ náà silẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, epo á léfòó. Ṣíbí ìjẹun méjì ló ṣeé bù kúrò, ṣíbí kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ bíi kálórì 120. Ẹ bu ọ̀kan kúrò, ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀. Ẹ má bu gbogbo rẹ̀: èròjà inú ẹ̀fọ́ tí ara ń sọ di fítámì A nílò ọ̀rá kí ara tó lè gbà á, epo pupa náà sì ní irú èròjà bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ kẹfà ni wọ́n ti ṣìnà. Ìrẹsì ọ̀fadà àti ayamáṣe! Ọ̀fadà kò ní ẹ̀bi kankan, ṣùgbọ́n ata tútù olóbìírípo àti epo tí wọ́n yọ́ títí ó fi pàwọ̀ dà, fún ikùn tó ṣì ń padà bọ̀ sípò, àyà títa ló ń fà. Ẹ ní kí wọ́n fi ẹ̀fọ́ rírò rọ́pò ayamáṣe. Ẹ tún ní kí ẹ̀fọ́ náà pọ̀: ewé gíráàmù 200 á sún kì bí iná bá kàn án, kò ní ju ṣíbí ìbubẹ̀ méjì lọ nínú abọ́. Gíráàmù 400 ẹ̀fọ́ àti èso lójúmọ́ ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ń wí, iṣu àti ẹ̀gẹ́ kò sì sí nínú ìṣírò yẹn.

Àárọ̀ ọjọ́ keje àti ọjọ́ kẹsàn-án jẹ́ óòtì pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, kò sí ohun mìíràn. Ebi á ti dé láago mẹ́wàá. Ẹ fi ẹyin sísè méjì kún un, gíráàmù 12 purotéènì nìyẹn, tàbí ẹ̀pà ẹ̀kúnwọ́ kan, gíráàmù 30, tó ní bíi méje. Èso tí wọ́n ti gé sínú ike, ẹ má rà á. Ó máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ kó tó dé. Ìbẹ́pẹ odidi láti ọjà sàn jù ú lọ.

Iyọ̀ ni ẹ̀sùn mi kejì. Gíráàmù márùn-ún lójúmọ́, ìyẹn ṣíbí tíì kan pẹrẹsẹ, ló yẹ kó jẹ́ òpin fún àgbàlagbà. Kúùbù ìsebẹ̀ kan wọn bíi gíráàmù mẹ́rin, nǹkan bí ìdajì rẹ̀ sì ni iyọ̀. Ìkòkò ẹlẹ́ni mẹ́rin tí wọ́n ju kúùbù mẹ́ta sí ti ní iyọ̀ gíráàmù mẹ́fà kí wọ́n tó fọwọ́ kan iyọ̀ gan-an. Wọ́n lè fi irú wòórò, edé gbígbẹ àti àlùbọ́sà ṣe é. Bí ó bá jẹ́ irú pẹ̀tẹ̀ tí wọ́n ti fi iyọ̀ pa, kí kúùbù sinmi pátápátá.

Lẹ́yìn ọjọ́ kẹwàá, abọ́ wọn náà ni kẹ́ ẹ máa fara wé nílé. Ìdajì àwo jẹ́ ẹ̀fọ́ àti èso, ìdá mẹ́rin jẹ́ òkèlè tàbí ìrẹsì, ìdá mẹ́rin tó kù jẹ́ ẹ̀wà, ẹja, ẹyin tàbí ẹran. Ẹ̀wà ni kẹ́ ẹ fi ṣe òpó, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ ó kéré tán. Bí ó bá ń fẹ́ inú, ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú, ẹ da omi yẹn nù, ẹ sè é fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ tún da omi náà nù kẹ́ ẹ tó fi omi tuntun sè é rọ̀ múlọ́múlọ́. Ṣúgà kan tí ikùn wa kò lè dà ló ń fa afẹ́fẹ́ inú, inú omi yẹn ló máa ń yọ́ sí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ṣíbí ìjẹun mẹ́rin lọ́jọ́ àkọ́kọ́ bí ọjọ́ mẹ́ta bá ti kọjá láìsí fáíbà lẹ́nu. Ọsàn kan lẹ́yìn ẹ̀fọ́ ń jẹ́ kí ara rí irin inú rẹ̀ gbà; tíì lẹ́yìn oúnjẹ ń dí i lọ́nà, ẹ jẹ́ kó tó wákàtí kan.

Fún ẹni tó ṣì fẹ́ rà á: ẹ bèèrè nọ́ńbà NAFDAC lára ìgò, ẹ ní kí wọ́n dá ọbẹ̀ sí abọ́ tirẹ̀ kí epo lè ṣeé bù, kí wọ́n dá tíì náà dúró sọ́dọ̀ wọn, kí omi èso jẹ́ ọjọ́ kan dípò mẹ́ta. Bí wọ́n bá ní àwọn ò lè dín in kù, ẹ̀wà kọ́ńgò kan àti ìbẹ́pẹ ńlá kan ṣì wà lọ́jà Bódìjà.