Àpò Ìbo-Ìgò Wáìnì: Ó Bo Orúkọ, Kò Bo Èjìká

Àpò aṣọ dúdú mẹ́jọ ló wà nínú páálí náà, nọ́ńbà 1 dé 8 wà lára wọn, okùn sì wà lọ́rùn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo rà á nítorí oúnjẹ alẹ́ kan tí mo ti ń gbèrò rẹ̀ tipẹ́: èmi àti ọ̀rẹ́ márùn-ún, wáìnì mẹ́fà, kí ẹnikẹ́ni má mọ èwo ni èwo títí a ó fi tọ́ gbogbo wọn wò. Ìtọ́wò tí Steven Spurrier, oníṣòwò wáìnì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe ní Paris ní ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún ọdún 1976 ló gbé èrò náà wọ̀ mí lórí. Àwọn adájọ́ ọmọ ilẹ̀ Faransé fi wáìnì California sí ipò kìíní, funfun àti pupa, láìmọ̀. Bí wọ́n bá rí orúkọ ara ìgò ni, mi ò rò pé wọ́n á ṣe bẹ́ẹ̀.

Aṣọ náà nípọn. Mo gbé e síwájú iná, mi ò rí lẹ́tà kan. Ibi tó ti já mi kulẹ̀ ni pé ó lẹ̀ mọ́ ìgò bí ẹ̀wù tó fún. Ìgò wáìnì Bordeaux, agbègbè kan ní ilẹ̀ Faransé, ga léjìká, ti Burgundy, agbègbè mìíràn níbẹ̀, ń rọra yọ̀ wálẹ̀ láti ọrùn, ti Riesling, wáìnì funfun ilẹ̀ Jámánì, ga, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́. A ò tíì bu ìkejì tí ọ̀kan nínú wa fi nawọ́ sí i: "Ẹ wo èjìká yẹn, Burgundy nìyẹn." Òótọ́ ló sọ. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó tún fi imú ara rẹ̀ gbóòórùn ife yẹn mọ́. Burgundy ni gbogbo wa ń wá nínú rẹ̀. Ó dùn mí gan-an, torí ohun tí mo tìtorí rẹ̀ pe àwọn èèyàn jọ nìyẹn.

Ẹnu àpò náà ò sì dé òkè. Mo ti ṣí gbogbo ìdérí kúrò kí àlejò tó dé, síbẹ̀ ibi tí à ń lọ́ ìdérí mọ́ ṣì hàn lẹ́nu ìgò méjì.

Nígbà kejì, mo fi ìwé ìròyìn wé ìgò kọ̀ọ̀kan, mo wé e nípọn lọ́rùn títí tí gbogbo wọn fi sanra bákan náà, mo sì jáde. Ọ̀rẹ́ mi kan wọlé, ó kó wọn sínú àpò bó ṣe wù ú. Èmi ò mọ nọ́ńbà, òun náà ò mọ ohun tó wà nínú ìwé. Àpò náà gbà á, àmọ́ pẹ̀lú ipá ni. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, èmi tí mo ra gbogbo ìgò náà kò lè tọ́ka sí ọ̀kan ṣoṣo. A jiyàn lórí nọ́ńbà 4 títí oúnjẹ fi fẹ́ tutù.

Ìwé máàkì inú páálí náà ò wúlò. Orí 100 ló ní kí a ti fún un ní máàkì, kò sì sí àyè láti kọ bó ṣe rí lẹ́nu èèyàn. Orí 20 ni wọ́n lò ní Paris, òun làwa náà lò, lórí ìwé lásán, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ títí gbogbo wa fi kọ tiwa tán. Ìwé inú páálí náà ò sì sọ iye tí èèyàn máa bu, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ ńlá ni. Ìgò kan jẹ́ mílílítà 750. Bí a bá bu 50 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, àwa mẹ́fà á lo 300, èyí tó ju ìdajì lọ á ṣì kù tí a ó fi jẹun. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà mì ti mu 300 kó tó fẹnu kan oúnjẹ. Mo gbé abọ́ ìtutọ́ sáàárín tábìlì, èmi ni mo sì kọ́kọ́ lò ó, kí ojú má baà ti àwọn yòókù.

Ẹ má ki àpò náà bọ omi yìnyín o. Nọ́ńbà 2 parẹ́ pátápátá lára tèmi. Kí funfun ti tutù kó tó wọnú àpò.

Bí ìgò yín bá rí bákan náà, bíi wáìnì pupa Cabernet Sauvignon láti orílẹ̀-èdè mẹ́fà nínú ìgò eléjìká gíga, àpò yìí tó yín láìsí ìwé ìròyìn. Bí ẹ bá fẹ́ da oríṣiríṣi pọ̀, ẹ wá èyí tó fẹ̀ jù ú lọ, tí wọ́n rán nọ́ńbà rẹ̀ mọ́ aṣọ dípò kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí i.