Kúróòmù lórí ọwọ́ bíréèkì àti ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì Road King mi: àgbéyẹ̀wò lẹ́yìn 9,000 máìlì

Harley-Davidson Road King ti ọdún 2012 ni mo ń gùn ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas. Alùpùpù ìrìn àjò jíjìn ni: ẹ́ńjìnnì Twin Cam 103 ló wà nínú rẹ̀, àpótí ẹrù méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, gíláàsì ńlá tó ń gba atẹ́gùn dúró sì wà níwájú. Àlòkù ni mo rà á, láti ọjọ́ tí mo sì ti rà á ni ohun kan ti ń dà mí láàmú. Gbogbo iwájú rẹ̀ ló ń dán bíi dígí, àmọ́ ibi tí ọwọ́ mi méjèèjì ń wà láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, èyíinì ni ọwọ́ bíréèkì, ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì àti ilé àwọn súìsì, ti ṣá, ọ̀dà ti bó lára wọn, ìka mi mẹ́rin sì ti fi àpá sára ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì. Ibẹ̀ gan-an ni ojú ẹni tó ń gun alùpùpù ń bà lé ní gbogbo ìgbà. Mo pinnu pé n ó pààrọ̀ wọn sí oníkúróòmù, èyíinì ni èyí tí wọ́n fi irin dídán tí à ń pè ní kúróòmù bò lára.

Ohun mẹ́ta ni mo rà. Èkíní ni ọwọ́ méjèèjì tí a ń fà. Èkejì ni ìdìmú tó so wọ́n mọ́ ọ̀pá ìdarí. Ti apá òsì jẹ́ ìdìmú lásán, ṣùgbọ́n ti apá ọ̀tún ni ìkòkò òróró bíréèkì fúnra rẹ̀, níbi tí písítìnnì kékeré kan ti ń ti òróró lọ sí bíréèkì táyà iwájú. Ẹ̀kẹta ni ilé súìsì ti ọ̀tún àti ti òsì. Gbogbo rẹ̀ ná mi ní nǹkan bíi $560. Lẹ́yìn ọdún kan àti oṣù mẹ́rin tí mo ti ń lò wọ́n, èrò mi ni pé méjì àkọ́kọ́ tó owó tí mo san lórí wọn, bí wọ́n bá sì sọnù lónìí, n ó tún wọn rà lọ́la. Ẹ̀kẹta kò tó ìyà tó fi jẹ mí.

Kí n tó rà wọ́n ni mo ti kọ́kọ́ ra ọwọ́ méjì olówó pọ́ọ́kú lọ́dọ̀ ẹnì kan tó ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Oṣù méje péré ni wọ́n lò. Mo máa ń gùn lọ sí Galveston létí òkun lópin ọ̀sẹ̀, iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kò sì ṣàánú irin kankan. Lọ́jọ́ kan ni mo rí i pé abẹ́ ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì ti wú ní kókó kókó bíi rorẹ́ ojú ọ̀dọ́langba. Nígbà tí mo fi èékánná kan ọ̀kan lára wọn, ó ṣí bí èèpo ẹyin, ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, ó sì gé ìbọ̀wọ́ mi. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ níbẹ̀ ni pé kúróòmù tí à ń wò yẹn kò nípọn rárá. Kì í tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà. Níkẹ́ẹ̀lì, irin mìíràn tí wọ́n fi tẹ́ abẹ́ rẹ̀, ló ń fún un ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ dídán náà, òun náà ló sì ń dá omi àti iyọ̀ dúró kí wọ́n má baà dé ara alumíníọ̀mù tí wọ́n fi ṣe ọwọ́ náà gan-an. Ẹni tó bá fi níkẹ́ẹ̀lì ṣahun yóò ṣe ohun tó dán gbinrin lọ́jọ́ tí a tú páálí rẹ̀, àmọ́ omi yóò gba ihò tí ojú kò rí wọlé, alumíníọ̀mù yóò máa jẹrà lábẹ́ ẹ̀wà náà, títí tí yóò fi wú.

Nítorí náà, nígbà tí èyí tí mo rà lẹ́ẹ̀kejì dé, n kò wo iwájú rẹ̀ rárá. Ẹ̀yìn ni mo wò, àti inú ihò tí ọ̀pá kékeré tí ọwọ́ náà ń yí lé lórí ń gbà kọjá. Iwájú kò lè sọ irọ́ tàbí òótọ́ fún yín, nítorí gbogbo oníṣẹ́ ló mọ iwájú dán. Bí ẹ̀yìn bá rí bí eérú, tàbí tí igun inú rẹ̀ bá ní àwọ̀ pípọ́n, ẹ dá a padà. Ti èmi mọ́ tónítóní níbi gbogbo, ihò rẹ̀ yí po dáadáa, ọ̀pá rẹ̀ sì wọ̀ ọ́ láìmì sókè sódò. Mímì yìí ṣe pàtàkì ju dídán lọ. Ọwọ́ olówó pọ́ọ́kú ti tẹ́lẹ̀ máa ń jò sókè jò sódò bí mo bá ti gun òpópónà tó rí gbágungbàgun, èmi sì rò pé ogbó alùpùpù ni.

Apá òsì kò le. Ọdún 2012 ṣì ń lo kébù fún kílọ́ọ̀ṣì, kì í ṣe òróró. Mo ká rọ́bà tó bo ibi tí a ti ń dẹ kébù sókè, mo fi sípánà méjì dẹ ẹ́ títí ó fi rọ̀, mo yọ òrùka tó wà nísàlẹ̀ ọ̀pá kékeré náà, mo sì ti ọ̀pá náà gba òkè jáde. Mo fi gírísì pa ti tuntun kí n tó tò ó. Lẹ́yìn náà ni mo fún kébù padà títí tí àlàfo tó wà láàárín orí rẹ̀ àti ìdìmú fi wà láàárín 1/16 sí 1/8 íńṣì. Ẹ má fojú di àlàfo kékeré yìí. Bí kò bá sí, kílọ́ọ̀ṣì kò ní di ara rẹ̀ mú pátápátá, yóò sì máa yọ̀ títí yóò fi jó. Bí ó bá pọ̀ jù, kò ní tú tán, jíà yóò sì máa pariwo bí ẹ bá ń kì í bọ̀ ọ́. Kò gbà mí tó wákàtí kan.

Apá ọ̀tún ni kí gbogbo ẹni tó ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí fara balẹ̀ sí, nítorí bíréèkì ni, ẹ̀mí ló sì wà níbẹ̀. Èyí tó kọ́kọ́ wà nínú ìwé àtúnṣe alùpùpù náà ni pé kí a ki páálí tó nípọn tó mìlímítà 4 sáàárín ọwọ́ bíréèkì àti ìdìmú rẹ̀ kí a tó tú ohunkóhun. Súìsì kékeré tó ń tan iná bíréèkì ẹ̀yìn wà nínú ilé súìsì ìsàlẹ̀, ṣóńṣó rẹ̀ sì fara ti ọwọ́ náà. Ẹni tó bá tú ìdìmú láìki páálí bọ̀ ọ́ lè ṣẹ́ ṣóńṣó náà. Mo gé páálí tí wọ́n fi kó ẹrù náà wá, mo ṣẹ́ ẹ po títí ó fi tó ìwọ̀n, mo sì kì í bọ̀ ọ́.

Òróró inú rẹ̀ ni DOT 4, ìyẹn oríṣi òróró bíréèkì kan, wọ́n sì kọ ọ́ sórí ìdérí. Òróró yìí a máa jẹ ọ̀dà bí omi gbígbóná ṣe ń jẹ iyọ̀. Táwẹ́ẹ̀lì mẹ́ta ni mo fi bo táǹkì àti mọ́gáàdì, síbẹ̀ ẹ̀kán kan ta sára mọ́gáàdì iwájú. Korobá omi ti wà nítòsí, mo dà á lé e lójú ẹsẹ̀, kò sì fi àpá sílẹ̀. Ẹ̀yin tí Harley yín ti pẹ́ gan-an, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sórí ìdérí tiyín kí ẹ tó rà, nítorí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tàtijọ́ ló ń lo DOT 5 tó jẹ́ sílíkóònù, àwọn méjèèjì kò sì gbọdọ̀ pàdé. Àgé òróró tuntun ni kí ẹ ṣí. DOT 4 ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra: nígbà tí ó bá ṣì wà ní tuntun, kò gbọdọ̀ hó kí ó tó dé 230°C, àmọ́ nígbà tí ó bá ti mu omi, òfin gbà á láyè láti hó ní 155°C, òróró tó bá sì ń hó kò lè dá alùpùpù tó wúwo báyìí dúró.

Wáṣà tuntun ni mo lò níbi tí ọ̀pá òróró ti so mọ́ ìkòkò náà. Àbúrò kan láti ìjọ wa ló wá bá mi fa afẹ́fẹ́ kúrò. Òun ń fa ọwọ́ bíréèkì, èmi wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, mò ń tú bóòtù kékeré ibẹ̀, mo sì ń dè é padà.

“Ẹ̀gbọ́n, ó ti le báyìí o.”

“Dì í mú, má tíì jọ̀wọ́ rẹ̀. Jẹ́ kí n dè é ná.”

Ó ju ogójì ìgbà lọ tí a fi ṣe é kí ìfófòó afẹ́fẹ́ tó tán nínú rọ́bà funfun tí mo fi gba òróró náà. Lóòrèkóòrè ni mo ń dìde bu òróró kún ìkòkò náà, nítorí bí ó bá gbẹ lẹ́ẹ̀kan, afẹ́fẹ́ yóò tún wọlé, a ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Alùpùpù tèmi kò ní ABS, ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí táyà há bí a bá fa bíréèkì lójijì. Bí tiyín bá ní in, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹ́káníìkì tó ní kọ̀ǹpútà rẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ tó bá há sínú ẹ̀rọ ABS lè má jáde pẹ̀lú ọwọ́ nìkan.

Nígbà tí a parí, àbúrò mi ló ṣàkíyèsí pé ògiri ẹ̀yìn gáréèjì pupa. Iná bíréèkì ló ń tàn, kò sì sẹ́ni tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Mo ti sún ìdìmú náà mọ́ ilé súìsì jù, ṣóńṣó súìsì kò sì rí àyè padà. Mo dẹ ẹ́, mo sún un ní ìwọ̀n ìlàjì ìbú èékánná, iná kú. Ká ní a gbé e jáde bẹ́ẹ̀ ni, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi kò ní mọ ìgbà tí mo ń dúró.

Ilé súìsì ni èyí tó tán mi ní sùúrù. Ní Road King ti ọdún yẹn, ẹ ní láti tú súìsì kọ̀ọ̀kan kúrò nínú ilé àtijọ́ kí ẹ sì tún un tò sínú tuntun: fèrè, iná gíga àti iná kékeré, táráfíkétọ̀ òsì ní apá kan; ti ẹ́ńjìnnì, sítátà àti táráfíkétọ̀ ọ̀tún ní apá kejì. Wákàtí márùn-ún ni mo lò. Àwọn tó ṣe èyí tí mo rà jẹ́ kí kúróòmù wọ inú ihò súkúrù, kò sì sí súkúrù tó wọ̀ ọ́ bó ṣe yẹ. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Mo gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn fún ìṣẹ́jú kan, mo fi agbára yí ọ̀kan, orí rẹ̀ sì já. Mo ní láti ra irin tí wọ́n fi ń la ojú ihò kí n tó lè máa bá iṣẹ́ lọ. Sípánà tó ń díwọ̀n agbára ni mo wá fi dè wọ́n, ní ìwọ̀n 35 sí 45 íńṣì-pọ́n-ùn, èyí tí kò ju agbára ìka ọwọ́ lọ púpọ̀. Lẹ́yìn tí mo parí, táráfíkétọ̀ òsì kò tàn: wáyà kan ti há sáàárín ilé méjèèjì. Mo tún tú u. Ẹ tún wo ọwọ́ ọ̀tún tí ẹ fi ń fún un lépo kí ẹ tó gùn ún. Ẹ yí i, ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀, kí ó padà fúnra rẹ̀ kíá. Tèmi ń lọ́ra títí mo fi fà á sẹ́yìn díẹ̀ kúrò lára ilé súìsì.

Ìrìn àjò gidi àkọ́kọ́ tí mo fi wọ́n rìn ni ti Hill Country, agbègbè olókè ní Texas, lójú ọ̀nà Ranch Road 337 láti Leakey lọ sí Vanderpool, níbi tí òkè àti kọ́nà kò ti jẹ́ kí ọwọ́ sinmi. Níbẹ̀ ni mo ti mọ iyàtọ̀. Ọwọ́ tuntun yìí fẹ̀ díẹ̀ ju ti àtijọ́, ojú rẹ̀ sì tẹ́, nítorí náà kò fi ìlà sínú ìka mi lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta. Bíréèkì ń dáhùn níbì kan náà ní gbogbo ìgbà tí mo bá fà á, mo sì ń fi ìka méjì ṣe ohun tí mo ti ń fi mẹ́ta ṣe. Mo mọ̀ pé òróró tuntun ló fa apá kan nínú èyí, àmọ́ mímì tó ti kúrò kì í ṣe iṣẹ́ òróró.

Àbùkù rẹ̀ méjì ni mo ti rí. Bí oòrùn bá ti rọ̀ sọ́wọ́ ọ̀sán, ìdérí ìkòkò òróró a máa ta ìtànṣán rẹ̀ sí mi lójú ọ̀tún. Mo yí ìdìmú náà síwájú díẹ̀, ó dín kù, kò tán. Èkejì ni ooru. Nínú oṣù kẹjọ ní Texas, alùpùpù tí a gbé sójú oòrùn fún wákàtí kan kò ṣeé fi ọwọ́ lásán dì mú, torí náà ìbọ̀wọ́ kì í jìnnà sí mi.

Ní ti ìtọ́jú, omi àti ọṣẹ fífúyẹ́ ni mo ń lò, mo ń nù ún gbẹ, mo sì ń fi wáàsì pa á lẹ́ẹ̀kan lóṣù. N kì í lo kànrìnkàn onírin, bẹ́ẹ̀ ni n kì í jẹ́ kí ohun tí wọ́n fi ń fọ rími táyà kàn án, nítorí ásíìdì máa ń wà nínú àwọn kan. Bí mo bá ti Galveston dé, alẹ́ ọjọ́ náà ni mo ń fi omi ṣan án, bó ti wù kó rẹ̀ mí tó. Títí di òní, kò sí ibi tó wú lára ọwọ́ méjèèjì tàbí ìdìmú wọn. Súkúrù méjì tó wà lórí ìdérí òróró nìkan ló pọ́n. Mo fi èyí tí kì í dípẹtà rọ́pò wọn ní oṣù tó kọjá, iye wọn kò sì ju $4 lọ.