Bátìrì ínfátà tí mo rà ní Adó, àti bàbá tó kọ́kọ́ kọ̀ láti tà á fún mi

Nígbà tí ínfátà ṣọ́ọ̀bù mi bẹ̀rẹ̀ sí í ké pín-ín pín-ín láàárín ogún ìṣẹ́jú tí iná bá ti lọ, mo ti mọ̀ pé ìnáwó ti dé. Àsìkò project ni o, àwọn ọmọ EKSU, yunifásítì ìpínlẹ̀ Èkìtì, kún iwájú mi, ọ̀kan fẹ́ tẹ ṣapítà kẹta, òmíì fẹ́ ká bá òun di ìwé pọ̀, ẹnì kan ní súpáfáísọ̀ òun ti ń dúró, bẹ́ẹ̀ ni kọ̀ǹpútà kú lójijì, a ò sì tíì séèfù. Ọmọbìnrin tó ni iṣẹ́ yẹn kò sọ̀rọ̀, ó kàn wò mí ṣá. Ó sàn kó bú mi.

Bátìrì méjì ni mo ń lò, tubular ni, irú tí wọ́n ń bu omi sí, fóltì 12 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, 220Ah (Ah ni wọ́n fi ń wọn iye iná tó lè gbà), a so wọ́n pọ̀ di fóltì 24. Wọn ò tíì lo ọdún méjì. Ẹni tó tà wọ́n fún mi nígbà yẹn búra pé ọdún márùn-ún ni. Mo kó owó sápò, mo gba ìgboro lọ, ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé kí n ra méjì míì, kí n gbé e sínú kẹ̀kẹ́, kí n padà sẹ́nu iṣẹ́ kó tó di ọ̀sán.

Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n júwe fún mi wà ní ìtòsí Fájuyì. Bàbá àgbàlagbà kan ló ni ín, ó fi okùn so gíláàsì ojú ẹ̀ mọ́rùn, Dádì ni àwọn ọmọṣẹ́ ẹ̀ ń pè é, èmi náà bá wọn pè é bẹ́ẹ̀. Mo ní ẹ kú iṣẹ́ sà, tubular méjì ni mo fẹ́. Kò tiẹ̀ dìde. Ó ní, "Kí ló pa ti tẹ́lẹ̀?" Mo ní ó ti gbó ni sà. "Ọdún mélòó?" Mo ní kò tíì pé méjì. Ó wá gbójú sókè. "Ìyẹn ò gbó o, wọ́n pa á ni. Bí mo bá tà á fún ẹ báyìí, ohun tó pa tàkọ́kọ́ ló máa pa èyí náà, wàá wá máa bà mí lórúkọ jẹ́ kiri Adó. Máa lọ, mo ń bọ̀ lọ́la." Èmi tí mo kówó dání! Inú bí mi débi pé mo fẹ́ kọjá sí Ọjà Ọba lọ rà á lọ́wọ́ ẹlòmíì, oòrùn ló dá mi dúró.

Ó ní aago mẹ́sàn-án, ó dé ní aago kan ku díẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn tẹ́ ẹ bá máa pè é. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé, iṣẹ́ ló bá dé. Ó fi mítà wọn bátìrì kìíní, ó ka 12.5, èmi ti ń rò pé èyí ṣì dáa, ó ní kí n tan kọ̀ǹpútà méjèèjì àti fáànù, ojú mi báyìí ló já wálẹ̀ sí 10.8. Ó ṣí ìdérí orí ẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó ń fi haidrómítà fa asídì wò ní kọ̀ọ̀kan, igo tín-ín-rín tó ní rọ́bà lórí ni, nǹkan kan ń léfòó nínú ẹ̀. Iye tó bá kà ló ń sọ bí asídì ṣe ki tó, bó bá ṣe rì tó ni iná ṣe tán tó níbẹ̀. Márùn-ún ń léfòó ní bíi 1.220, ìkẹfà rì sí 1.130. Ó ní sẹ́ẹ̀lì kan, ìyẹn yàrá kan nínú mẹ́fà inú bátìrì, ló kú yẹn, òun ló ń fa àwọn tó kù lẹ́sẹ̀. Bátìrì kejì burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, omi ti fà kúrò lórí pléètì òjé inú ẹ̀, ibi tó hàn síta ti funfun bí ẹfun.

Ó bi mí pé omi wo ni mo ń bù sí i. Mo dákẹ́. Ó tún bi mí. Mo ní pure water ni sà. Ọmọṣẹ́ ẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, bàbá ò rẹ́rìn-ín. Omi bátìrì ni omi tí wọ́n sè tí wọ́n gba ooru ẹ̀ kó tún di omi, kò sí iyọ̀ kò sí irin nínú ẹ̀. Omi inú ọ̀rá dáa fún ọ̀fun, ṣùgbọ́n nǹkan tó wà nínú ẹ̀ kì í bá omi gbẹ, inú bátìrì ló ń kóra jọ sí. Ibi yẹn, ẹjọ́ mi ni, mi ò ní purọ́.

Àmọ́ apààyàn gan-an wà nínú ínfátà. Ó tẹ bọ́tìnnì díẹ̀, ó ní kí n wá wò ó. Ẹni tó bá mi so ó nígbà yẹn fi í sí irú bátìrì tí a dé pa, ṣáájì tó ń wọ bátìrì mi kì í ju fóltì 27.2 lọ fún méjèèjì. Tubular elómi máa ń fẹ́ nǹkan bíi 14.4 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 28.8, kó tó yó dáadáa, lẹ́yìn náà ló máa wá rọra sọ̀ kalẹ̀. Tèmi ò yó rí látọjọ́ tí wọ́n ti gbé e wọlé. Ẹ wo ẹni tí wọ́n ń fún ní ààbọ̀ òkèlè iyán lójoojúmọ́ fún ọdún méjì tí wọ́n sì ní kó lọ kọ ebè. Bí bátìrì ò bá yó, nǹkan funfun yẹn á máa le mọ́ òjé ara ẹ̀, tó bá ti le tán kò ṣeé ṣí kúrò mọ́.

Ìgbà tó tún nǹkan yẹn ṣe tán ló tó wá gbà ká sọ̀rọ̀ ọjà. Mo béèrè lítíọ́mù nítorí gbogbo ènìyàn ló ń pariwo ẹ̀. Ó ní ó dáa, ó fúyẹ́, èèyàn lè lo bíi 80 nínú 100 agbára ẹ̀ lóòjọ́ kó má bínú, nígbà tó jẹ́ pé ti òjé yìí, ẹni tó bá fẹ́ kó pẹ́ kò gbọdọ̀ lò ju ìdajì lọ. Ṣùgbọ́n ínfátà mi ti pẹ́, kò ní ètò tó yẹ lítíọ́mù, màá ní láti pààrọ̀ òun náà. Owó yẹn ò sí. Ẹ̀gbọ́n mi kan ní Èkó tó ń so wáyà ọkọ̀ ojú omi àwọn olówó, mo pè é lórí fóònù, ó ní ní tiwọn AGM, irú tí a dé pa tí asídì ẹ̀ kì í dà, ni ọ̀pọ̀ ń fẹ́, ọkọ̀ ń yí síhìn-ín yí sọ́hùn-ún, ẹnikẹ́ni ò fẹ́ asídì tó ń dà tàbí gáàsì bátìrì nínú yàrá tóóró tí wọ́n ń sùn. Ó ní bátìrì tó ń ta ẹ́ńjìnnì sì dá wà lọ́tọ̀, torí tí wọ́n bá fi fíríìjì àti gílóòbù jẹ ẹ́ tán lóru lójú omi, ta ni wọ́n fẹ́ ké pè kó wá bá wọn tì í? Èmi wà lórí ilẹ̀ Èkìtì, ilẹ̀ mi ò mì, fèrèsé mi ṣí. Tubular tó mi.

A ṣírò ẹ̀ sẹ́yìn páálí: fóltì 24 lọ́nà 220 jẹ́ wáàtì-wákàtí 5,280, ìdajì ẹ̀ tí a lè lò 2,640. Kọ̀ǹpútà méjì, fáànù méjì, gílóòbù, prínǹtà kékeré tó ń lo íǹkì, kò ju wáàtì 500 lọ. Ká yọ ohun tí ínfátà fúnra ẹ̀ ń jẹ, wákàtí mẹ́rin ó lé díẹ̀. Fọtokọ́pì ò sí níbẹ̀ o! Nígbà tó bá ń gbóná ó lè fa ju wáàtì 1,000 lọ, ìyẹn ju áńpù 40 lọ láti ara fóltì 24, 220 tí wọ́n sì kọ sára bátìrì yẹn, ti ẹni tó ń fà á jẹ́jẹ́ ní áńpù 11 fún wákàtí 20 ni. Ẹni tó bá fà á lágbára kò ní rí 220 yẹn. Jẹ́ń ló ń gbé fọtokọ́pì mi báyìí.

Ibi tí bàbá yìí ti wù mí jù ni bó ṣe mú bátìrì. Òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn kọ̀ńdẹ́mù wà lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀, ó gbé oríṣi méjì lé e, 220Ah ni wọ́n kọ sára àwọn méjèèjì, ọ̀kan fi nǹkan bíi kílò 14 fúyẹ́ ju èkejì. Ó ní òjé ni wọ́n ń rà, òjé sì wúwo, èwo ló wà nínú èyí tó fúyẹ́ yìí, afẹ́fẹ́? Èyí tó wúwo la mú. Ọ̀kan nínú wọn ka 12.3, ó ní ìyẹn ti pẹ́ jù nílẹ̀, ó dá a padà, ó wá ìkejì tí déètì ẹ̀ bára mu. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí n ra ẹyọ kan ná kí n so ó mọ́ èyí tó sàn díẹ̀ nínú ti àtijọ́. Kò dá mi lóhùn rárá.

Àléébù ẹ̀ wà. Ó wọ́n ju ti Ọjà Ọba lọ, kì í ṣe díẹ̀. Mi ò kọ iye síbí torí kẹ́ ẹ tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ ó lè ti yí. Mo ní láti béèrè lẹ́ẹ̀mejì kó tó tẹ òǹtẹ̀ sórí káàdì wárańtì. Àwọn ọmọṣẹ́ ẹ̀ sì jẹ́ kí bátìrì kan fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ nígbà tí wọ́n ń gbé e sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́, asídì ta sílẹ̀, ó ta sí mi lẹ́sẹ̀. Bàbá ní kí wọ́n po káún wá kíá, bí wọ́n ṣe dà á sílẹ̀ ló ń hó ṣẹ̀ẹ̀. Ilẹ̀ mi ò bàjẹ́. Ṣòkòtò mi sì wà ńbí, ihò mẹ́ta. Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún, ẹ mọ ibi tí ìkan yòókù lọ.

Ó ra àwọn àtijọ́ ní kílò kílò, ó yọ ọ́ nínú owó mi, ó ní kí n má jẹ́ kí àwọn ọmọ onípọ́npọ́n gbé e, wọ́n á kàn da asídì ẹ̀ sí gọ́tà. Oṣù mẹ́jọ rèé. Mo ti bu omi sí i lẹ́ẹ̀mejì, omi bátìrì gidi, lẹ́yìn tó bá ti ṣáájì tán. Mo sì ti gbé wọn kúrò lábẹ́ páánù tí oòrùn ń pa, torí ooru máa ń gé ọjọ́ ayé bátìrì kúrú. Lálẹ́ àná iná lọ ní aago méje, a ṣì ń tẹ iṣẹ́ ọmọ kan nígbà tí aago mẹ́wàá kọjá, mo dìde lọ wo mítà: 24.5.