Awakọ̀ tó gbé mi lọ sí Iten: ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún

Mo háyà ọkọ̀ àti awakọ̀ láti Eldoret lọ sí Iten, ní Kẹ́ńyà, torí olùkọ́ eré sísá kan tí mo ti ń gbúròó rẹ̀ tipẹ́: Brother Colm O'Connell. Aago méje la dá, aago mẹ́jọ ti kọjá kí ọ̀gbẹ́ni tó yọjú. Ìràwọ̀ kan lọ níbẹ̀, n ò sì ní dá a padà.

Àmọ́ ó mọ ìtàn, ó sì mọ̀ ọ́n sọ. Ó ní ọmọ Ireland ni Brother, ọdún 1976 ló dé sí ilé ìwé St. Patrick's ní Iten, jọ́gíráfì ló wá kọ́ àwọn ọmọ. Kò kọ́ iṣẹ́ kóòṣì níbì kankan rí o! Síbẹ̀, ilé ìwé yẹn ni Peter Rono ti wá, ẹni tó gba góòlù 1,500 mítà ní Seoul lọ́dún 1988. David Rudisha tó sá 800 mítà ní ìṣẹ́jú 1 àti ìṣẹ́jú-àáyá 40.91 ní London lọ́dún 2012, ọwọ́ Brother náà ló ti gbẹ̀kọ́.

Ìlú yẹn ga tó 2,400 mítà. Mo ní kí n fẹsẹ̀ rìn díẹ̀, mi ò tíì rìn jìnnà tí mo fi ń mí hẹlẹhẹlẹ. Awakọ̀ mi ń rẹ́rìn-ín: "Pole, pole." Àṣé pẹ̀lẹ́ ló ń kí mi! Ó fún mi lómi tútù. Fèrèsé ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ nìkan ni kò ṣeé tì. Eruku pupa ṣì wà nínú báàgì mi.