Bí Wi-Fi ilé wa ṣe dé ìdí aró: àgbéyẹ̀wò TP-Link CPE510, ẹ̀rọ tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì láti ilé kan dé èkejì láìlo wáyà láàárín wọn

Iṣẹ́ adìrẹ ni mò ń ṣe ní Alékúwodò, níbí ní Òṣogbo. Ráútà wà ní pálọ̀ ilé wa. Ìdí aró wà ní ilé kejì, lẹ́yìn ọgbà aládùúgbò wa, ó tó nǹkan bíi mítà 70 síra wọn. Orí fóònù ni mo ti ń ta ọjà jù báyìí, àwọn oníbàárà tó wà lókè òkun a sì máa ní kí n pe àwọn ní fídíò bí mo bá fẹ́ yọ aṣọ nínú aró. Ẹni tó bá mọ aró á mọ ohun tí wọ́n fẹ́ rí. Àwọ̀ ewé ni aṣọ fi ń jáde nínú ìkòkò. Bí atẹ́gùn bá ti ń kàn án ló ń ṣú, títí á fi di aró gidi. Ibẹ̀ gan-an ni àwòrán máa ń dúró gbagidi, tí ohùn á sì já. Dátà orí fóònù ò ràn mí lọ́wọ́, nẹ́tíwọ̀kì ò fi bẹ́ẹ̀ wọ abẹ́ páànù yẹn.

Repeater, ẹ̀rọ kékeré tó ń gba Wi-Fi ráútà tó sì ń tún un pín síwájú, ni gbogbo èèyàn kọ́kọ́ máa ń ní kéèyàn rà, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ tirẹ̀ ná. Àbúrò mi gbé tiẹ̀ wá ká fi dán an wò. Wi-Fi kún lójú fóònù, àmọ́ nǹkan kan ò ṣí. Repeater ò lè fúnni ju ohun tóun fúnra rẹ̀ rí gbà lọ. Ògiri búlọ́ọ̀kù ti jẹ agbára ráútà tán kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, páànù ní tiẹ̀ ń dá a padà ni. Àwọn olówó pọ́ọ́kú inú wọn tún ń fi rédíò kan ṣoṣo gbà, wọ́n á tún fi òun náà pín in, nǹkan bí ìdajì ìyára á sì bá ibẹ̀ lọ.

Wáyà ńkọ́? Wáyà nẹ́tíwọ̀kì lè dé mítà 100, nítorí náà tiwa ò jìnnà jù fún un. Ṣùgbọ́n ọgbà onílé mìíràn la máa gbẹ́ kọjá. Yàtọ̀ síyẹn, bí àrá bá sán sítòsí, wáyà onídẹ tó so ilé méjì pọ̀ lè gbé iná rẹ̀ láti ilé kan wọ èkejì. Ẹni tó bá mọ òjò ìlú wa kò ní fojú kéré ìyẹn.

CPE510 méjì ni mo rà, ọ̀kan fún ilé, ọ̀kan fún ìdí aró, kí wọ́n kọjú síra wọn; ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń tà á. N ò ní dárúkọ iye tí mo rà á, dọ́là ò jẹ́ kí owó ọjà dúró lójú kan. Ìta ni wọ́n ṣe é fún. Ìgbì rédíò Wi-Fi tí wọ́n ń pè ní 5 GHz ló ń lò, ańténà inú rẹ̀ jẹ́ 13 dBi (ìyẹn ni wọ́n fi ń wọn bí ańténà ṣe ń kó agbára jọ síbì kan), ọ̀kánkán ló sì ń tàn sí bí iná tọ́ọ̀ṣì, kì í fọ́n káàkiri bíi ráútà pálọ̀. Wáyà kan ṣoṣo ló ń gbé iná àti íntánẹ́ẹ̀tì gòkè lọ bá a, adápítà rẹ̀ sì wà nínú páálí. Ihò méjì ló wà lára adápítà yẹn, ẹ kíyè sí wọn dáadáa: CPE ló ni ihò PoE, èyí tó ń gbé iná pọ̀ mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, ráútà ló ni LAN. Ẹ má ki ohun mìíràn sí ihò PoE o.

Ọmọkùnrin tó bá wa gbé e kọ́ kò kánjú rárá. Ó gun òkè ilé, ó wo ọ̀kánkán títí, ó ní, "Màmá, igi máńgòrò yìí máa yọ wá lẹ́nu o."

"Ewé náà ni?"

"Ewé náà ni, mà. Omi ló wà nínú ewé, omi ló sì ń gba agbára 5 GHz. Tí òjò bá tún wá pa á, kò ní kọjá dáadáa mọ́."

A ra páìpù onírin, a gbé ẹ̀rọ ìdí aró ga ju igi lọ. Àwọn iná kéékèèké wà lára ẹ̀rọ náà tó ń sọ bó ṣe ń gbà sí. Bó ṣe ń yí i díẹ̀díẹ̀ lókè, èmi ń pariwo látìsàlẹ̀: "Ó ń lọ sílẹ̀! Dá a padà! Ó tún tàn! Dúró síbẹ̀, ọmọ mi!" Ibẹ̀ ló ti dè é. Ó so wáyà ilẹ̀ mọ́ ọn, ó sì tẹ wáyà kọdọrọ sísàlẹ̀ kó tó wọlé, kí omi òjò lè kán síta.

Ó sọ ti ilé di Access Point, èyí tó ń fi íntánẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́, ó sọ ti ìdí aró di Client, èyí tó ń gbà á. Àdírẹ́sì kan náà, 192.168.0.254, làwọn méjèèjì bá wá, ẹ yí ti ọ̀kan padà kẹ́ ẹ tó so wọ́n pọ̀. Ẹ pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà tó bá a wá náà. Láti ara Client, wáyà wọ ihò LAN ráútà kékeré kan nínú ìdí aró, a sì pa DHCP ráútà ọ̀hún, ìyẹn ètò tó ń pín àdírẹ́sì fún fóònù, kó má bàa pín in pọ̀ mọ́ ráútà pálọ̀. Ráútà kékeré yẹn ló ń fún fóònù ní Wi-Fi.

Íntánẹ́ẹ̀tì ilé wa kì í ju 30 Mbps lọ (Mbps ni wọ́n fi ń wọn ìyára íntánẹ́ẹ̀tì) nígbà tó bá dáa jù, ohun tó wà nílé náà ló ń dé ìdí aró báyìí. Mo ti fi fídíò yọ aṣọ nínú òjò wẹliwẹli, oníbàárà rí i látìgbà tó jẹ́ àwọ̀ ewé títí tó fi ṣú, kò já lẹ́ẹ̀kan. Inú mi dùn débi pé mo fi ẹ̀dínwó kún un fún un.

Iná ni kẹ́ ẹ rò dáadáa. Laini iná ilé wa yàtọ̀ sí ti ìdí aró. Bí wọ́n bá mú iná lọ nílé, ìdí aró á dákẹ́ bí iná tiẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ náà ò jẹ iná púpọ̀, nítorí náà ínfátà kékeré kan ló ń gbé òun àti ráútà pálọ̀ fún wa. Ẹni tó bá ní íntánẹ́ẹ̀tì fáíbà tó yára gan-an, kó mọ̀ pé 300 Mbps ni wọ́n kọ sára páálí lóòótọ́, àmọ́ ihò wáyà rẹ̀ ò lè gbé ju 100 lọ. Bí ilé kejì bá sì fara kan tiyín, tí kò sí ọgbà onílé láàárín, ẹ má rà á. Ẹ fa wáyà, kẹ́ ẹ fi owó tó kù ra ínfátà.